Ewúrẹ́ tó ń rìn káàkiri ilé Jákọ́bù

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, ọmọdébìnrin kan ló dá a sílẹ̀ nínú kíláàsì Bíbélì tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Orí ìtàn Jósẹ́fù la wà, mo sì ti ń gbádùn ara mi, mò ń to gbogbo ibi tí Jósẹ́fù ti jọ Jésù lẹ́sẹẹsẹ: bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó rán an lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀, wọ́n jù ú sí kòtò, wọ́n tà á ní 20 owó fàdákà, wọ́n ta Jésù ní 30, ó bá ara ẹ̀ lẹ́wọ̀n pẹ̀lú èèyàn méjì, ọ̀kan là, èkejì kú, ó wá di igbákejì ọba, gbogbo ayé wá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu mi ń dùn lọ. Ni ọmọ náà bá nawọ́.

"Àǹtí, tó bá jẹ́ pé Jósẹ́fù ló jọ Jésù tó báyìí, kí ló dé tí Jésù ò wá láti ìdílé Jósẹ́fù? Ṣebí Júdà ni bàbá ńlá ẹ̀, Júdà tó ní kí wọ́n tà á."

Mo rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín tí kò bá ní èsì lẹ́nu. Mo ní ká gbé e dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ kò tán lára mi, torí ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí tí mo sì ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi alára ò sì bi ara mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún Jẹ́nẹ́sísì kà láti orí 37 dé orí 49, mi ò sì fo orí 38 bí mo ṣe máa ń fò ó. Ẹ má wò mí báyẹn, ẹ̀yin náà ń fò ó.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí à ń pè ní òjìji tàbí àpẹẹrẹ yìí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ò ní Májẹ̀mú Tuntun lọ́wọ́, ìwé àwọn Hébérù ni Bíbélì wọn, inú ẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń wá Jésù. Pọ́ọ̀lù pe Ádámù ní àpẹẹrẹ ẹni tó ń bọ̀ nínú Róòmù orí 5, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni typos, ìyẹn ojú àpá tí nǹkan máa ń fi sílẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan míì, bí ìgbà tí èèyàn tẹ òǹtẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù. Ẹni tó bá rí ojú àpá yẹn ò tíì rí òǹtẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti mọ bó ṣe rí. Ẹ fi òǹtẹ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Ísákì lórí òkè Móríà. Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá fẹ́ràn, ó ru igi ẹbọ ara ẹ̀ gun òkè. Àwọn Kristẹni rí àgbélébùú níbẹ̀ kíá, kódà kì í ṣe àwọn nìkan, àwọn rábì tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú Genesis Rabbah, ìwé àtijọ́ tí àwọn Júù fi ṣàlàyé Jẹ́nẹ́sísì, tí wọn ò gba Jésù rárá, àwọn náà ní Ísákì ru igi yẹn bí ẹni tó ru àgbélébùú ara ẹ̀ sí èjìká. Melito, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Sádísì láyé ìgbà ọ̀rúndún kejì, fi Ísákì wé Kristi, àmọ́ ó ṣọ́ra, ó ní Ísákì ò jìyà, Kristi ló jìyà. Ohun tó máa ń mú mi dúró níbẹ̀ ni ìbéèrè ọmọ yẹn bí òun àti bàbá ẹ̀ ṣe ń rìn lọ: iná rèé, igi rèé, ẹran ẹbọ dà? Bàbá ní Ọlọ́run fúnra ẹ̀ á pèsè ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, àgbò ni wọ́n bá tí ìwo ẹ̀ há sínú igbó, kì í ṣe ọ̀dọ́ àgùntàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwàásù fi ń sọ pé àgùntàn tí bàbá ṣèlérí ṣì wà lọ́nà, pé ọjọ́ tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi na ìka sí Jésù ló tó dé. Ìwàásù yẹn dùn, èmi náà ti wàásù ẹ̀ rí.

Àṣé ọ̀rọ̀ tí Ísákì lò ní Hébérù, seh, ọmọ ẹran ni, ó lè jẹ́ ti àgùntàn, ó lè jẹ́ ti ewúrẹ́. Ẹran Ìrékọjá náà bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ́kísódù 12 ní ẹ lè mú un nínú àgùntàn, ẹ lè mú un nínú ewúrẹ́. Èmi ti fi gbogbo ayé mi wá àgùntàn nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ewúrẹ́ ló ń kọjá níwájú mi.

(Ó yẹ kí n sọ pé gbogbo òjìji kọ́ ló tọ́ sí mi lọ́kàn o. Lẹ́tà kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Bánábà, ó ní ìránṣẹ́ 318 tí Ábúráhámù kó lọ sógun, Jésù lórí àgbélébùú nìyẹn, torí ní Gíríìkì lẹ́tà T ni wọ́n fi ń kọ 300, T sì rí bí àgbélébùú, I àti H sì jẹ́ 18, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Jésù. Ó dáa náà, ṣùgbọ́n ṣé Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Jẹ́nẹ́sísì ni? Àwọn rábì náà ṣe tiwọn, wọ́n ka lẹ́tà orúkọ Élíésérì ìránṣẹ́ Ábúráhámù, ó jẹ́ 318 géérégé, wọ́n ní òun nìkan ló dá lọ. Bí a bá ń fi nọ́ńbà ṣe é, kò sẹ́ni tí ò ní rí tiẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká tọ ewúrẹ́ yẹn lẹ́yìn.

Orí 27 ló ti kọ́kọ́ wọlé. Rèbékà ní kí Jákọ́bù lọ mú ọmọ ewúrẹ́ méjì tó dáa wá, ó se ẹran ẹ̀ bí Ísákì ṣe ń fẹ́ ẹ, ó wá fi awọ ẹ̀ bo ọwọ́ Jákọ́bù àti ibi tó ń dán lọ́rùn ẹ̀, ó gbé aṣọ Ísọ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá tí kò ríran mọ́ fọwọ́ pa á lára, ó ní ohùn yìí ti Jákọ́bù ni, ọwọ́ yìí ti Ísọ̀ ni, ó gbóòórùn aṣọ, ó súre. Ẹ wo irinṣẹ́ tí wọ́n fi tan bàbá jẹ: aṣọ ọmọ kan, àti ewúrẹ́.

Ọdún gorí ọdún, Jákọ́bù náà di bàbá. Orí 37, àwọn ọmọ ẹ̀ ta Jósẹ́fù tán, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n ri aṣọ ọmọ náà bọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn. Aṣọ ọmọ kan, àti ewúrẹ́. Wọn ò tiẹ̀ purọ́ lẹ́nu, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀, wọn ò sọ pé ẹranko ló pa á. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ohun tá a rí nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé aṣọ ọmọ yín ni àbí òun kọ́?" Bàbá ló fẹnu ara ẹ̀ parí irọ́ náà, ó ní ẹranko búburú ti pa á jẹ, wọ́n ti fa Jósẹ́fù ya. Ó fa aṣọ tiẹ̀ náà ya. Ọkùnrin tó fi awọ ewúrẹ́ tan bàbá ẹ̀ ló di aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wà lára ẹ̀ mú, kò sì fura.

Ibí yìí ni gbogbo wa ti máa ń fò dé orí 39, ká bá Jósẹ́fù lọ sí Íjíbítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìtàn yìí ò jẹ́ ká lọ, ó dá wa dúró, ó ní ẹ wá wo Júdà ná.

Júdà kúrò nílé, ó fẹ́yàwó, ó bímọ ọkùnrin mẹ́ta. Àkọ́bí fẹ́ Támárì, ó kú. Èkejì ṣú u lópó, ó kú. Júdà ní kí Támárì lọ jókòó sílé bàbá ẹ̀ títí ìkẹta á fi dàgbà, àmọ́ lọ́kàn ẹ̀ kò fẹ́ fi ọmọ yẹn fún un, ó rò pé òun náà á kú. Ọmọ dàgbà, wọn ò pe Támárì. Ó gbọ́ pé bàbá ọkọ òun ń bọ̀ láti rẹ́run àgùntàn, ó bọ́ aṣọ opó sílẹ̀, ó fi nǹkan bojú, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Júdà rò pé aṣẹ́wó ni. Kí lo máa fún mi? Ó ní òun á fi ọmọ ewúrẹ́ kan ránṣẹ́.

Ewúrẹ́ tún ti dé! Mo gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀, ní aago méjì òru.

Támárì ò gbọ́ ti ewúrẹ́ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó ní kó fi nǹkan dógò ná. Ó gba òǹtẹ̀ Júdà, okùn ẹ̀, àti ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀. Ìgbà tí Júdà fi ewúrẹ́ ránṣẹ́ wọn ò rí obìnrin kankan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n ní Támárì ti lóyún, Júdà ní kí wọ́n mú un jáde kí wọ́n dáná sun ún. Bí wọ́n ṣe ń mú un bọ̀ ó fi àwọn nǹkan yẹn ránṣẹ́: ẹni tó ni nǹkan wọ̀nyí ló ni oyún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló ni òǹtẹ̀ àti okùn àti ọ̀pá yìí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi bá Jákọ́bù sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ni, haker-na lédè Hébérù, méjèèjì rí bákan náà, orí kan péré ló sì wà láàárín wọn. Àwọn rábì ti rí i tipẹ́, wọ́n ní ìwọ tó sọ fún bàbá rẹ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin ti sọ fún ọ pé kó o yẹ̀ ẹ́ wò. Júdà yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ó ní obìnrin yìí jàre mi. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí látìgbà tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, Jákọ́bù ò sọ ọ́ fún Ísákì, àwọn ọmọ ò sọ ọ́ fún Jákọ́bù.

Báyìí, ohun tó jẹ́ kí n kọ nǹkan yìí rèé. Ìdógò tí Júdà fún Támárì, eravon ni Hébérù pè é. Nígbà tí ìyàn mú gan-an tí Jákọ́bù ò fẹ́ kí Bẹ́ńjámínì bá wọn lọ sí Íjíbítì, Júdà ló bọ́ síwájú ní orí 43, ó ní èmi ni mo ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti béèrè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò fún onígbọ̀wọ́ yẹn, gbòǹgbò kan náà ni òun àti ìdógò Támárì. Lákọ̀ọ́kọ́ ó fi òǹtẹ̀ àti ọ̀pá dógò nítorí ewúrẹ́ kan, lẹ́ẹ̀kejì ó fi ara ẹ̀ dógò nítorí àbúrò. Nígbà tí ife fàdákà wá jáde nínú àpò Bẹ́ńjámínì, Júdà dúró níwájú ìjòyè ńlá tí kò mọ̀ pé Jósẹ́fù ni, ó sọ̀rọ̀ gígùn, ó ní ẹ jẹ́ kí èmi ìránṣẹ́ yín dúró dípò ọmọ náà, kí n di ẹrú, kí ọmọ náà máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni Jósẹ́fù ò lè mú mọ́ra tó fi bú sẹ́kún.

Ẹni tó ní ká ta àbúrò wa ló ní ẹ mú mi dípò àbúrò mi.

Nítorí náà, èsì tí mo gbé padà lọ fún ọmọ yẹn nìyí. Jósẹ́fù jọ Jésù nínú ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ohun tí Jésù fúnra ẹ̀ yàn láti ṣe, Júdà ló kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ nínú ilé yẹn. Mi ò sọ pé Jósẹ́fù ò dáa o, ó dárí jì wọ́n, ó bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n dídúró dípò ẹlòmíì, Júdà ni. Ìwé Hébérù náà, nígbà tó fẹ́ sọ ipò Jésù nínú májẹ̀mú tó dára jù, onígbọ̀wọ́ ló pè é. Ìdógò Támárì náà ò sì sọnù. Àwọn tó tú Jẹ́nẹ́sísì sí Gíríìkì pè é ní arrabon, ọ̀rọ̀ tí Gíríìkì yá lọ́wọ́ àwọn ará Kénáánì àti àwọn Hébérù fún òwò, Pọ́ọ̀lù wá mú ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tó ń sọ fún àwọn ará Éfésù pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni ìdógò ogún wa, ìlà kan péré lẹ́yìn ibi tó ti sọ pé a ti fi Ẹ̀mí náà tẹ̀ wá lóǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ àti ìdógò lójú kan! Mi ò mọ̀ bóyá Pọ́ọ̀lù ń rántí Támárì, mi ò lè búra. Mátíù ló dájú pé ó rántí ẹ̀, torí nígbà tó ń ka ìran Jésù ó lè sọ pé Júdà bí Pérésì kó sì máa lọ, ó dúró, ó ní láti ara Támárì.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ìwé Léfítíkù orí 16, Ọjọ́ Ètùtù, ewúrẹ́ méjì, wọ́n á ṣẹ́ kèké, wọ́n á pa ọ̀kan, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìjọ ru èkejì lọ sí aginjù. Mishnah, ìwé tí àwọn rábì kó òfin wọn jọ sí, ní kí méjèèjì jọra, lójú, ní gíga, ní iye owó, wọ́n á sì so òwú pupa mọ́ orí èyí tó ń lọ. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ Jubilees, àwọn Júù ló kọ ọ́ ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n rí àjákù ẹ̀ ní Qumran létí Òkun Òkú, ìjọ Àtijọ́ ti Etiópíà sì kà á mọ́ Bíbélì títí dòní, ìwé yẹn sọ ọ́ gbangba pé ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, ìyẹn Ọjọ́ Ètùtù gan-an, ni wọ́n gbé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn wá fún Jákọ́bù, pé torí ìbànújẹ́ tí wọ́n kó bá bàbá wọn ni wọ́n ṣe ń fi ewúrẹ́ ṣètùtù lọ́dọọdún. Ẹni tó kọ ọ́ ti rí ewúrẹ́ yẹn ṣáájú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tí Jẹ́nẹ́sísì lò fún ewúrẹ́ tí wọ́n pa lórí ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù náà ni Léfítíkù lò, sa'ir.

Sa'ir yìí tún ni wọ́n fi ṣàpèjúwe Ísọ̀, onírun, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ bá àwọn èèyàn wa jà díẹ̀. Wọ́n sọ fún Rèbékà pé ẹ̀gbọ́n á sin àbúrò. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 200, ní àwọn Júù ni ẹ̀gbọ́n, àwa Kristẹni ni àbúrò, ká jẹ́ kí wọ́n sìn wá. Àwọn rábì náà ń pe Róòmù ní Ísọ̀, nígbà tí Róòmù wá di ti Kristẹni, orúkọ yẹn gun orí Kristẹni. Kálukú ń nàka sí ẹnìkejì, ìwọ ni Ísọ̀. Àwa Kristẹni la wá ní idà lọ́wọ́, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní Yúróòpù ojú àwọn Júù rí màbo, irú ìwàásù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Hágárì náà, torí Pọ́ọ̀lù fi ṣe àkàwé nínú Gálátíà 4, ọ̀pọ̀ oníwàásù ò rántí mọ́ pé ẹrúbìnrin tí wọ́n lé sí aginjù ni, tí òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú Bíbélì tó sọ Ọlọ́run lórúkọ, Ọlọ́run tó rí mi. Àti Ísọ̀, orí 33, ó sáré pàdé Jákọ́bù, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n jọ sunkún, Jákọ́bù ní bí mo ṣe rí ojú rẹ yìí, bí ìgbà tí mo rí ojú Ọlọ́run ni. Mi ò tíì gbọ́ oníwàásù kan tó fi Ísọ̀ tó ń sáré bọ̀ yẹn ṣe òjìji ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ya bàrá. Kíláàsì.

Mo sọ gbogbo èyí fún wọn, kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ yìí ṣá, orí 38 gba ọgbọ́n lójú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ ọ tán, ó tún nawọ́. Mo mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, ṣé Jákọ́bù wá mọ̀ pé Júdà ló ní kí wọ́n tà á?"

Bíbélì ò sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n ṣí orí 49, níbi tí bàbá ti ń kú lọ tó ń súre fún àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Júdà, ó pè é ní ọmọ kìnnìún, ó ní ọ̀pá àṣẹ ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀pá tó fi dógò ọjọ́sí. Ó ní á fi wáìnì fọ aṣọ ẹ̀, á fi ẹ̀jẹ̀ àjàrà fọ ẹ̀wù ẹ̀. Aṣọ àti ẹ̀jẹ̀, ẹnu ẹni tí wọ́n gbé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ wá bá ló ti jáde. Ó sì ní, láti ibi ẹran tí a fà ya, ọmọ mi, o ti gòkè. Teref ni ọ̀rọ̀ Hébérù ibẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ dé, ohun tó pariwo ni tarof toraf Yosef, wọ́n ti fa Jósẹ́fù ya. Rashi, rábì kan tó kọ àlàyé sórí Bíbélì, ọmọ Troyes ní Faransé, ẹni tó kú lọ́dún 1105, so méjèèjì pọ̀: ó ní Jákọ́bù ń sọ fún Júdà pé, ìwọ ni mo fura sí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n o ti fa ara rẹ kúrò nínú ẹ̀.

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ yẹn ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ìka tẹ̀ lé e lọ ní ìlà.

"Ó mọ̀," ló wí.